Bí ẹgbẹ́ yín ṣe lè fi owó díẹ̀ gba akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti old students tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà níbí, tẹ́ ẹ máa ń dáwó lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ tó ń lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀yin ni mò ń kọ èyí sí. Nígbà kòrónà ní 2020, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló lówó ní báǹkì, àmọ́ sikọ́láṣíìpù ìparí ọdún ni wọ́n mọ̀, ti kí wọ́n pe ọmọ síta kí wọ́n gbé ṣẹ́ẹ̀kì gbàǹgbà fún un kí gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọmọ tó nílò 600 dọ́là ní oṣù kẹjọ ò lè dúró de oṣù kejìlá. Tí àjàkálẹ̀ míì bá dé, owó kékeré tó tètè débẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́ jù, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi táwọn ọmọ ti ń já bọ́. National Student Clearinghouse, àwọn tó máa ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, sọ pé lẹ́yìn ooru 2020 àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ ọdún àkọ́kọ́ dín kù ní nǹkan bí ìdá 13 nínú 100, community college, ìyẹn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì, sì pàdánù nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ìyẹn ya èèyàn lẹ́nu, torí nígbà tọ́rọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2008 ńṣe làwọn èèyàn ya lọ sí community college, iṣẹ́ ò sí, wọ́n ní káwọn lọ kọ́ nǹkan. Lọ́tẹ̀ yìí ọmọ tó ń tọ́jú àbúrò nílé, tí màmá ẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tó ń tọ́jú arúgbó lálẹ́, tí kíláàsì ẹ̀ ti di ti Zoom tó sì jẹ́ pé fóònù kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò nínú ilé, òun ló kọ́kọ́ dá a dúró. Kò sẹ́ni tó lé e, kò kàn forúkọ sílẹ̀ mọ́ ni.

Ohun tó sì máa ń dá wọn dúró jù ni gbèsè kékeré. Tọ́mọ bá jẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì lówó díẹ̀, wọ́n á fi hold sí àkáǹtì ẹ̀, kò ní lè mú kọ́ọ̀sì sìmẹ́sítà tó ń bọ̀, níbòmíì wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò ní kíláàsì tó ti mú pàápàá. Georgia State University ní Atlanta ti rí èyí tipẹ́, láti 2011 ni wọ́n ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Panther Retention Grants. Àwọn fúnra wọn ló máa wo àkáǹtì, tí wọ́n bá rí ọmọ tó ń ṣe dáadáa tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àmọ́ tówó díẹ̀ fẹ́ lé dànù, wọ́n á san án, wọ́n á sì ránṣẹ́ sí i pé ó ti bọ́ síbẹ̀. Ọmọ ò kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kankan. Owó ọ̀hún ò ju 2,500 dọ́là lọ fún ẹnì kan, ti ọ̀pọ̀ ò tiẹ̀ tó 1,000. Ní 2020 náà, MacKenzie Scott, obìnrin olówó kan, fún yunifásítì Prairie View A&M, tí ò jìnnà sí Houston, ní 50 mílíọ̀nù dọ́là láì so ó mọ́ nǹkan kan, Ruth Simmons tó jẹ́ ààrẹ yunifásítì náà nígbà yẹn sì yọ 10 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ fún àwọn ọmọ ọdún kẹta àti ìkẹrin tí kòrónà ti sọ di onígbèsè, ó tó 2,000 dọ́là fún ẹnì kan. Olówó tó fún wọn ò bèèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ òun sára ilé, ẹni tó gbà á náà sì mọ ibi tó ń dun àwọn ọmọ ẹ̀. Ẹgbẹ́ yín ò ní mílíọ̀nù, àmọ́ ẹ lè ṣe irú ẹ̀ fún ọmọ márùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bèèrè ta ni ìjọba ò kà mọ́ wọn. Èyí kàn wá gan-an o. CARES Act, òfin ìrànwọ́ nítorí kòrónà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 27 oṣù kẹta 2020, gbé nǹkan bí bílíọ̀nù 14 dọ́là sílẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọ́n sì ní kí wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lówó tààrà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ sọ pé ẹni tó lè gba ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni, ọmọ tó wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, ò sí níbẹ̀, ọmọ tí ò ní ìwé ìgbélùú ò sí níbẹ̀, ó di oṣù karùn-ún 2021 kí wọ́n tó yí òfin yẹn padà. Ẹ sì wò ó, ọmọ F-1 ò lè ṣiṣẹ́ níta bó ṣe wù ú, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nínú kámpọ́ọ̀sì ni wọ́n gbà á láyè nígbà tí kíláàsì ń lọ, nígbà tí wọ́n sì ti kámpọ́ọ̀sì pa, iṣẹ́ láíbìrì àti ti kafitéríà bá a lọ. Nílé, náírà ń já wálẹ̀, òbí tó ń fowó ránṣẹ́ ò rówó dọ́là rà mọ́. Ní 6 oṣù keje 2020 ìjọba tún ní kí gbogbo ọmọ F-1 tí kíláàsì ẹ̀ bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá máa lọ sílé, Harvard àti MIT pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n fagi lé e ní ọjọ́ 14 oṣù yẹn. Ẹ fojú inú wo bí ọkàn ọmọ ọdún 19 ṣe máa rí láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, nínú yàrá tóun nìkan wà. Nítorí náà tówó yín ò bá pọ̀, irú àwọn ọmọ yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá lọ.

Owó wá ńkọ́, ibo ló máa gbà? Ọ̀nà méjì ni. Ẹ lè gbé e fún foundation kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, àwọn tó ń bá a gba owó ọrẹ, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún emergency fund ni, àmọ́ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ ẹ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n bóyá ọmọ tí ò lè ṣe FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀, lè gbà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ní rárá, ẹ wá ibòmíì. Tàbí kẹ́ ẹ fún àwọn ọmọ fúnra yín. Tó bá jẹ́ gbèsè kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ san án tààrà sí ọ́fíìsì bọ́sà pẹ̀lú nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ náà, hold á kúrò kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kọ́mọ kọ́kọ́ bi ọ́fíìsì financial aid, àwọn tó ń pín owó ìrànwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, léèrè bóyá wọ́n máa tìtorí owó yín gé èyí tí wọ́n ń fún un tẹ́lẹ̀, ó máa ń ṣẹlẹ̀, ẹ ó kàn ran kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́wọ́ ni, ọmọ ò jèrè nǹkan kan. Tó bá jẹ́ oúnjẹ, rẹ́ǹtì, láàpútọ́ọ̀pù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi owó ránṣẹ́ sọ́mọ náà kẹ́ ẹ sì gbà á gbọ́. Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ míì wọ̀ ọ́, ẹ má bèèrè rìsíìtì ìrẹsì lọ́wọ́ ẹ̀.

Akápò yín gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ owó orí náà. Tí ẹgbẹ́ yín kì í bá ṣe ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, tẹ́ ẹ ò sì tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, bíi ẹgbẹ́ aláàánú, ẹni tó dáwó kì í sábà lè yọ ọ́ kúrò nínú iye tí wọ́n máa ṣírò owó orí ẹ̀ lé. Tẹ́ ẹ bá sì ti forúkọ sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ni kẹ́ ẹ gbé owó òun fún kó tún gba ìwé owó orí lé e. Ẹ sọ ọ́ fáwọn àgbà ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ kó má baà dìjà.

Fọ́ọ̀mù yín kó kúrú. Orúkọ, kọ́lẹ́ẹ̀jì, iye tó nílò, kí ló fẹ́ fi ṣe, ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ lé e, àti ẹ̀dà bíìlì tó bá wà. Ó tán. Ẹ má ní kó kọ éséè lórí ìdí tóun fi yẹ, ọmọ tó wà nínú wàhálà ò ráyè ìyẹn. Èèyàn mẹ́ta péré ni kó máa ka fọ́ọ̀mù, ó dáa tí ọ̀kan bá jẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí wọ́n sì dáhùn láàárín ọjọ́ méjì. Orúkọ ọmọ kò gbọ́dọ̀ dé WhatsApp ẹgbẹ́ láéláé. Ẹ mọ̀ wá, ẹ mọ̀ bí ojú ṣe máa ń ti òbí wa, tí bàbá bá gbọ́ pé gbogbo ìlú ti mọ̀ pé òun ò rówó sukúù ọmọ òun san, á ní kọ́mọ dá owó yẹn padà, ọmọ náà ló sì máa jìyà ẹ̀. Torí náà kò sí fọ́tò, kò sí Facebook. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jábọ̀ fún ẹgbẹ́, ẹ sọ iye ọmọ àti iye owó.

Owó nìkan ò sì tó o. CUNY, yunifásítì ìlú New York, ní ètò kan tó ń jẹ́ ASAP láti 2007, wọ́n ń fún àwọn ọmọ community college ní káàdì ọkọ̀, owó ìwé, àti olùdámọ̀ràn tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rí déédéé. Nígbà tí wọ́n ṣèwádìí ẹ̀, ìdá 40 nínú 100 ló gboyè láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn tí ò sí nínú ẹ̀ ò ju ìdá 22 lọ. Ẹgbẹ́ yín ní nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, akáńtánì, tíṣà, ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹtí tàbí àǹkú kan tó máa pè é lọ́sẹ̀ méjì méjì. Ẹ má bèèrè CGPA lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ bèèrè pé, "Ṣé o ti jẹun? Kíláàsì wo ló ń fún ẹ ní wàhálà? Ṣé o ti kọ ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ?" Ọ̀pọ̀ ọmọ ò mọ̀ pé wọ́n lè gba àfikún àkókò tàbí kí wọ́n jáwọ́ nínú kọ́ọ̀sì kan kó má baà já wọn kulẹ̀, àgbàlagbà kan ṣoṣo tó mọ̀nà ló máa sọ fún wọn. Tọ́mọ ò bá gbé fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má bínú, ẹ fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tún pè.

Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba admission, ẹ tètè wá wọn ní oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń yí ọkàn padà tí ò sí tíṣà háíìsukúù tó ń bi wọ́n mọ́. Fọ́ọ̀mù àbẹ́rẹ́ àjẹsára, dípọ́síìtì, owó ìnṣọ́ránsì ìlera, nǹkan wọ̀nyẹn ló máa ń dá wọn dúró.

Ẹ má sì ná gbogbo owó tán ní sìmẹ́sítà àkọ́kọ́. Ẹ fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ di oṣù kọkànlá, ìgbà tí wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ fún sìmẹ́sítà oṣù kìíní, kẹ́ ẹ pe gbogbo ọmọ tẹ́ ẹ ti ràn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá hold kankan tún wà lórí àkáǹtì wọn.