Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lápò, mọ́tò ń ṣí: bó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́jọ́ tó bá kọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa mọ́tò tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì ṣáná sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ó dùn, àbí? Kọ́kọ́rọ́ wà lápò, ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ó ṣí, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ọjọ́ tó bá kọ̀ ni ojú máa ń pọ́nni. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró ti mọ́tò mi fún ìgbà pípẹ́, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mọ́tò ò dá mi mọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó máa yọ mí wà nínú kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí ni.

Mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Wọ́n fi eríálì kéékèèké pamọ́ sínú ọwọ́ ilẹ̀kùn, sínú mọ́tò, àti sẹ́yìn níbi búùtù. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, eríálì yẹn á fi ìgbì rédíò kan ránṣẹ́, 125 kHz ló wọ́pọ̀, ìgbì yìí ò sì lè rìn jìnnà, bíi mítà kan sí méjì péré, ìdí nìyẹn tó fi di dandan kẹ́ ẹ sún mọ́ mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ tó ti ń sùn nínú àpò yín á jí, á gbọ́ ìbéèrè mọ́tò, á fi kóòdù àṣírí tó wà nínú ẹ̀ ṣírò ìdáhùn, á wá dá a padà lórí ìgbì míì, 315 MHz ní Amẹ́ríkà àti Japan, nǹkan bíi 433 MHz ní Yúróòpù. Ìbéèrè yẹn máa ń yí padà nígbà gbogbo, torí náà tẹ́nìkan bá gba ìdáhùn àná sílẹ̀, kò lè fi ṣílẹ̀kùn lónìí.

Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, mọ́tò á tún wá kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè rí i dájú pé inú ló wà, kò sí níta. Bó bá rí i, kọ̀ǹpútà á tú sítíárìn tó tì pa sílẹ̀, á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Tẹ́ ò bá tẹ bíréèkì, bọ́tìnnì kan náà á kàn tan rédíò, tẹ́ ẹ bá tún un tẹ̀, iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn, ẹ́ńjìnnì ò ní ta pútú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kò ní kú torí pé kọ́kọ́rọ́ jáde, á kàn máa pariwo. Tí ọkọ tàbí ìyàwó yín bá já yín sílẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò yín, á wa mọ́tò lọ láìsí wàhálà, ibi tó bá ti pa á ló máa há sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rí i pé ẹ pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó kúrò ní gáréèjì, pàápàá àwọn mọ́tò tí ohùn wọn ò jáde, carbon monoxide, ìyẹn afẹ́fẹ́ olóró tó ń bá èéfín ẹ́ńjìnnì jáde, ò lóòórùn, ó sì ti pa àwọn èèyàn sójú oorun.

Ó dáa, ká wá sọ ti ọjọ́ tó bá kọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì inú kọ́kọ́rọ́ ló ti kú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kọ́kọ́rọ́, nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa tì tàbí fà, kọ́kọ́rọ́ irin gidi á yọ jáde. Ẹ fi ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, tẹ́ ò bá rí ojú ihò ẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n fi rọ́bà kékeré kan bò ó. Àláàmù lè dún, ẹ má jáyà. Ẹ wọlé, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ náà lé bọ́tìnnì fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Ó máa ṣáná! Chip kan wà nínú kọ́kọ́rọ́ tí kò nílò bátìrì rárá, mọ́tò ló ń fún un níná láti ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà díẹ̀. Àwọn mọ́tò kan ní ibi míì tẹ́ ẹ máa gbé e sí, bíi ààyè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ẹ wá a nínú ìwé mọ́tò yín lónìí kó tó di ọjọ́ wàhálà. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ bátìrì, CR2032 oní 3 volt ló pọ̀ jù, àmọ́ ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ti tẹ́lẹ̀ torí CR2025 àti CR2450 náà wà. Tí iná inú mọ́tò ò bá tàn rárá, bátìrì ńlá ni, ẹ má da kọ́kọ́rọ́ láàmú.

Ti olè ló ń dùn mí jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í fọ́ kóòdù, ńṣe ni wọ́n ń na ohùn gùn: ẹnìkan dúró ti mọ́tò, èkejì dúró síta ilé yín pẹ̀lú ẹ̀rọ, wọ́n á gbé ìbéèrè mọ́tò dé ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ gbé sẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n á gbé ìdáhùn padà, mọ́tò á rò pé ẹ̀yin lẹ dé. Ní 2011 àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ETH Zurich ní Switzerland gbé e jáde pé àwọn dán an wò lára oríṣi mọ́tò 10 láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ 8, ó sì ṣiṣẹ́ lára gbogbo wọn. Àwọn kọ́kọ́rọ́ tuntun kan máa ń sùn pátápátá, wọn ò ní dá mọ́tò lóhùn, tẹ́ ò bá gbé wọn fún ìgbà díẹ̀, àwọn míì ń wọn àkókò tí ìgbì fi lọ tó fi bọ̀ kí wọ́n lè mọ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe jìnnà tó, ìyẹn dáa gan-an. Tí tiyín ò bá ní èyíkéyìí nínú ẹ̀, ẹ ra àpò tó ń dí ìgbì rédíò, kẹ́ ẹ sì dán an wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e: ẹ ki kọ́kọ́rọ́ bọ inú ẹ̀, ẹ pa á dé dáadáa, ẹ dúró ti mọ́tò kẹ́ ẹ fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Tó bá ṣí, ẹ lọ ra òmíràn.