Bí a ṣe ń yan fóltéèjì fún CPU tí a fẹ́ mú yára sí i

Core i7-8700K ni màá fi ṣàlàyé, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tí Intel gbé jáde ní 2017, torí pé tòkunbọ̀ rẹ̀ ṣì wúlò dáadáa fún ẹni tí owó rẹ̀ kò ká tuntun. Ẹ rí i pé motherboard yín, ìyẹn pátákó tí CPU jókòó lé, jẹ́ irú tí nọ́ńbà rẹ̀ fi Z bẹ̀rẹ̀, bíi Z370. B360 kò ní jẹ́ kí ẹ gbé multiplier sókè, ìyẹn nọ́ńbà tí a ń sọ 100 MHz di púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ láti rí eré CPU. Ẹ nu thermal paste (ohun tó ń gbé ooru CPU lọ sí cooler) tó ti gbẹ kúrò, ẹ fi tuntun sí i, ẹ wọ BIOS (ojú ètò tó ń ṣí kí Windows tó dé), ẹ gbé multiplier gbogbo core (àwọn ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú CPU) sí 47. 4.7 GHz nìyẹn. Títí dé ibí, kò sí wàhálà.

Ìdí Vcore, ìyẹn fóltéèjì tí CPU fúnra rẹ̀ ń jẹ, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á gbé multiplier sókè tán, wọ́n á fi Vcore sílẹ̀ lórí Auto, wọ́n á ní motherboard mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ohun tí Auto ń wá kò ju kí kọ̀ǹpútà má dákú lọ, nítorí náà á máa fún CPU ní àfikún tí kò nílò. Ooru lẹ ó fi san án. Bí fóltéèjì bá kúrò ní 1.20 V tó di 1.35 V, ìdá kan nínú mẹ́jọ péré ló fi lé, ṣùgbọ́n iná tó ń di ooru nínú CPU á fi ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ pọ̀ sí i, kódà bí ẹ kò tilẹ̀ fi kún eré rẹ̀.

Ẹ yan Manual, ẹ tẹ 1.20 V. Bí Windows bá gan, tàbí tó gbé ojú búlúù wá, ẹ fi 0.01 V kún un, ẹ tún dán an wò. Kì í ṣe 0.05 V o. Ẹni tó bá ń fò bẹ́ẹ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹ má sì da nọ́ńbà ẹlòmíì kọ, torí i7-8700K méjì lè wà lórí tábìlì kan náà kí oúnjẹ wọn má dọ́gba. 1.35 V ni ààlà. Bí ẹ bá gbé multiplier dé 50, tí 5.0 GHz kò dúró níbẹ̀, ẹ padà sí 4.9.

Load-Line Calibration, LLC, ló léwu jù. Bí iṣẹ́ bá wọ CPU lára, fóltéèjì rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe àìsàn. LLC ló ń dín wíwálẹ̀ yẹn kù. Àwọn èèyàn á rí i pé 1.25 V tí wọ́n tẹ̀ ti di 1.20 V, ara wọn kò ní gbà á, wọ́n á gbé LLC dé òpin. Nígbà tí iṣẹ́ bá wá dáwọ́ dúró lójijì, fóltéèjì á ta sókè kọjá iye tí wọ́n tẹ̀, á sì padà kí ojú tó ṣẹ́. HWiNFO, ètò tó ń fi fóltéèjì àti ooru hàn, kò lè rí i, torí ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì ló ń wò ó. CPU á máa jìyà, ẹ kò sì ní mọ̀.

Àárín ni kí ẹ fi LLC sí. Ẹ ṣọ́ra: lórí ASUS, nọ́ńbà tó ga ló le jù; lórí ASRock, Level 1 ló le jù. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí HWiNFO, ẹ tan Cinebench R23 (ètò tó ń fi iṣẹ́ líle dán CPU wò), ẹ tẹjú mọ́ Vcore. Bí ẹ bá tẹ 1.25 V, tó ń fi 1.21 V hàn lẹ́nu iṣẹ́, ó dára. Bó bá fi 1.27 V hàn, LLC ti le jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe ìdánwò 30 ìṣẹ́jú ti Cinebench, nígbà tí yàrá gbóná. Èyí tó yege lóru lè kùnà lọ́sàn-án. Bí ooru CPU bá kọjá 85°C, ẹ dín multiplier àti Vcore kù. Ẹni tí kò lówó cooler ńlá lè ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kó kọjú fáànù ńlá sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ gan-an.

XMP, ètò inú BIOS tó ń mú RAM yára sí i, á gbé RAM DDR4 láti 1.2 V sí 1.35 V, kò burú. Ṣùgbọ́n Auto lè tipa bẹ́ẹ̀ gbé VCCIO àti VCCSA (fóltéèjì apá CPU tó ń bá RAM ṣiṣẹ́) sókè pẹ̀lú, nítorí náà 1.15 V ni kí ẹ tẹ̀ fún méjèèjì. Irú nǹkan báyìí ló fa ti Ryzen 7000X3D, CPU AMD, tó ń jóná ní 2023, tí AMD fi ní kí fóltéèjì SoC (irú apá kan náà nínú CPU tiwọn) má kọjá 1.3 V mọ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró, ẹ yí Manual sí Adaptive, kí fóltéèjì lè máa wálẹ̀ nígbà tí CPU kò bá ṣe nǹkan kan, kí ẹ sì tún ìdánwò 30 ìṣẹ́jú yẹn ṣe.