Bí a ṣe ń yan katakata alábọ́ọ́dé tó bá oko ẹni mu

Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Òkè-Ògùn, gbogbo àgbẹ̀ ló máa ń wá katakata lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ń háyà á dúró títí yóò fi kàn án, àgbàdo rẹ̀ á sì pẹ́ wọlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń pinnu láti ra tiwa. Ṣùgbọ́n mo ti rí katakata mẹ́ta ní abúlé kan ṣoṣo tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Wọn ò bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Iṣẹ́ tí wọ́n bá nílẹ̀ ni kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn.

Alábọ́ọ́dé tí mò ń wí ni èyí tí agbára rẹ̀ wà láàárín họ́ọ̀sìpáwà 45 sí 90. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: èyí tó kéré jù kò lè fa púláù wọnú ilẹ̀ ọ̀dàn wa dáadáa, èyí tó tóbi jù á máa mu dísẹ́ẹ̀lì bí omi, kò sì ní ríbi yí padà nínú oko eékà márùn-ún.

Ẹ kọ́kọ́ wọn ilẹ̀, kí ẹ sì ka ọjọ́

Ẹ wọn oko yín, kí ẹ yọ ibi àpáta àti ibi tí ẹ ò ní dá kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí. Púláù oníàwo mẹ́ta máa ń gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 lẹ́ẹ̀kan. Bí katakata bá ń rin kìlómítà 5 ní wákàtí kan, tí a yọ àkókò tó fi ń yí padà létí oko kúrò, yóò tú bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún eékà ní wákàtí kan. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìyẹn á tó eékà 6. Ẹni tó ní eékà 50 á lo ọjọ́ 8 tàbí 9 lórí ìtúlẹ̀ nìkan, kó tó kan hárò, irin tó ń fọ́ ògúlùtu lẹ́yìn ìtúlẹ̀. Bí oko yín kò bá tó eékà 20, tí ẹ ò sì ní máa bá àwọn ará àdúgbò túlẹ̀ gba owó, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ ṣì máa háyà ná.

Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó le jù sọ agbára tí ẹ máa rà

Ìtúlẹ̀ ló le jù nínú iṣẹ́ katakata. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá lè túlẹ̀, yóò lè fi kọ ebè, yóò lè fi fa ẹrù gbáàgúdá, yóò sì lè fi ọ̀pá PTO tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì fún ẹ̀rọ mìíràn, tó ń yí ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, wa ẹ̀rọ ìpa-àgbàdo. Ohun tí àwa tó ń lò ó fi ń ṣe òṣùwọ̀n ni họ́ọ̀sìpáwà 20 sí 25 fún àwo púláù kan. Ilẹ̀ oníyanrìn fẹ́ 20, ilẹ̀ amọ̀ tàbí ibi tí èkan ti ta gbòǹgbò fẹ́ 25. Púláù oníàwo mẹ́ta á nílò 60 sí 75 nìyẹn. Massey Ferguson 375 àti John Deere 5075E jẹ́ 75, Massey Ferguson 385 jẹ́ 85.

Ẹ má tìtorí kùkùté ra èyí tó tóbi. Kò sí katakata alábọ́ọ́dé kankan tó wà fún híhú kùkùté igi ẹmi. Ẹ háyà buludósà fún ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí ẹ gba lébìrà tó máa hú u.

Ìwúwo náà tún wà ńbẹ̀, torí ẹ̀rọ tó wúwo máa ń tẹ ilẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà lókè kò nípọn lọ́dọ̀ wa. Níbi púpọ̀, yangí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀, tó ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, láti 1970 sí 1987, tó sì gba ẹ̀bùn àgbáyé lórí oúnjẹ, World Food Prize, ní 2020, ṣe ìwádìí níbẹ̀ tó fi hàn pé ilẹ̀ tí a fi pòròpórò bò, tí a ò tú, kì í jẹ́ kí àgbàrá wọ́ ọ lọ bí èyí tí a tú. Èmi ṣì ń túlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí katakata wọ oko tí omi ṣì wà lára rẹ̀, mi ò sì ní ra ẹ̀rọ tó wúwo ju iṣẹ́ mi lọ.

Táyà méjì ni àbí mẹ́rin?

Fún oko orí ilẹ̀ gbígbẹ, èyí tó ń fi táyà ẹ̀yìn méjì wọ́ ara rẹ̀ tó. Owó rẹ̀ dín, iwájú rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Bí ẹ bá ń dá àkùrọ̀ tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹ ra èyí tó ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń yí lásán, ẹ lè bu omi sínú rẹ̀ dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lọ́dọ̀ wa, òtútù kì í mú débi tí omi yóò fi dì.

Ẹ bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bá ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀

Ẹ bi í léèrè pé èwo ló máa ń tún ṣe jù, kí ẹ wá lọ béèrè iye kílọ́ọ̀ṣì, nọ́súlù àti pọ́ǹpù háídírọ́líìkì rẹ̀ (èyí tó ń gbé púláù sókè) lọ́jà tó sún mọ́ yín. Síìlì kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló dá katakata tí mo kọ́kọ́ rà dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù kẹrin. Kò sí irú rẹ̀ nítòsí. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń wò mí, mò ń wo ilẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀

Ẹ dé láàárọ̀, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án sílẹ̀ dè yín. Ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù: bí ọ́ìlì bá léfòó lórí omi, ẹ máa lọ. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bó bá funfun bí ẹ̀kọ tútù, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n wá tan án. Èéfín tó dúdú díẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ iná kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín búlúù tí kò dáwọ́ dúró túmọ̀ sí pé ó ń jó ọ́ìlì.

Ẹ gbé púláù sókè, kí ẹ pa ẹ́ńjìnì. Ó yẹ kí púláù dúró sókè fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bó bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, háídírọ́líìkì ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ má gba mítà tó ń ka wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ nìkan, torí wọ́n lè yí i padà. Ẹ wo pẹ́dàlì bó ti jẹ tó, àti ihò ibi tí wọ́n ń so ẹrù mọ́: ihò tó ti di gbọọrọ ti fa ẹrù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irin ààbò tó yọ lẹ́yìn orí awakọ̀ gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀ pẹ̀lú bẹ́líìtì ìjókòó. Katakata máa ń dojú dé, ó sì máa ń pa ènìyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí mọ́gáàdì.

Kí ẹ tó sanwó tán

Ẹ ní kí wọ́n wá tú ilẹ̀ yín gan-an. Ẹ fi ẹfun sàmì sí táyà ẹ̀yìn, kí katakata rìn títí àmì náà á fi yípo ní ìgbà 10, púláù wà lókè. Ẹ wọn ibi tó dé. Kí ó tún rin ìgbà 10, púláù wà nínú ilẹ̀ ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 20. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ mítà 46, èkejì kò yẹ kó dín sí 39. Bó bá dín sí i, táyà ń yí lásán. Ẹ fi omi tàbí irin kún ìwúwo rẹ̀, kí ẹ tún dán an wò. Bó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ló ń pariwo tó sì fẹ́ kú ní jíà kejì, púláù yẹn ti pọ̀ jù fún un, kò sì sí ẹ̀dínwó tó lè tún ìyẹn ṣe.