Bí ẹ ṣe máa ta géèmù ìjà láì máa tẹ bọ́tìnnì bí ẹni ń lọ ata

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí ọmọ kékeré kan ṣe nà mí, kẹ́ ẹ má baà rò pé mo kàn jókòó sílé mò ń fẹnu ṣe ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù géèmù kan wà lápá Under G níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, inú kọ̀ntéénà ni, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, fáànù kan, bẹ́ǹṣì onípákó. Mo wọlé lọ́jọ́ Sátidé kan, èmi tí mo ti ń ta géèmù látìgbà PS2, mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè fi ojú mi gbolẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ní ká jọ ta ò lè ju ọdún mọ́kànlá lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tiẹ̀ kanlẹ̀ níbi tó jókòó sí. Mortal Kombat, géèmù ìjà ẹni méjì, la fi sí i. Mo ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì pọ̀, gbá gbá gbá, ọmọ yìí jókòó jẹ́ẹ́ ní tiẹ̀, ìka kan ló dì mọ́ ẹ̀yìn páàdì, á dì í mú, á tú u sílẹ̀, á gbá mi lẹ́ẹ̀kan, á tún dì í mú. Ó nà mí ní márùn-ún sí òdo. Mo sanwó, mo jáde, mi ò tiẹ̀ dúró gba ṣéńjì.

Ohun tó fa ìyà yẹn rèé. Tekken, géèmù ìjà míì, ni mo fi dàgbà. Nínú Tekken, tí wọ́n bá ń bọ̀ wá lù yín, ẹ̀yìn lẹ máa fà, ẹ ti bílọ́ọ̀kì nìyẹn, ìyẹn ni pé ẹ ti dí ẹ̀ṣẹ́ náà, tó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ẹni yẹn fẹ́ gbá, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì fà á sẹ́yìn. Mortal Kombat ò rí bẹ́ẹ̀ rárá, bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ ló ní fún bílọ́ọ̀kì, R2 ni, ọ̀kan nínú àwọn bọ́tìnnì ẹ̀yìn páàdì, lórí páàdì PS4 tá a lò lọ́jọ́ yẹn, tẹ́ ò bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ rìn sẹ́yìn dé Ọ̀yọ́, ẹ̀ṣẹ́ á bá yín níbẹ̀. Ọwọ́ mi ń ta Tekken nínú géèmù tí kì í ṣe Tekken. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ní òfin kan: kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lu èèyàn nínú géèmù tuntun, màá kọ́kọ́ kọ́ bí wọn ò ṣe ní í lù mí. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní à ń jẹ̀kà ká tó mùkọ. Bílọ́ọ̀kì àti yíyẹ̀ ni ọkà, kọ́ńbò, ìyẹn lílu ọ̀tá léraléra, ni ẹ̀kọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mùkọ, ebi á pa á kó tó dé ọ̀dọ̀ boss, ọ̀gá àwọn ọ̀tá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí páàdì fúnra ẹ̀, torí pé ìgbà míì wà tí kì í ṣe ọwọ́ yín ló burú.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ ra páàdì tòkunbọ̀, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní kí wọ́n tan géèmù kan tí èèyàn ti ń rìn, kẹ́ ẹ gbé páàdì sílẹ̀ lórí tábìlì, kẹ́ ẹ káwọ́. Tí èèyàn inú géèmù bá ń dá rìn lọ, tàbí tí kámẹ́rà bá ń rọra yí bí ẹni tí oògùn ń ṣe, stick páàdì yẹn, igi kékeré tẹ́ ẹ fi ń darí ìrìn tàbí kámẹ́rà, ti jẹ. Mo ra ọ̀kan báyìí nígbà kan, ẹni tó tà á fún mi búra pé bí tuntun ló ṣe rí. Mo délé, mo tan God of War, mo gbé páàdì sílẹ̀ kí n lọ bu omi mu, kí n tó dé Kratos, akọni inú géèmù náà, ti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn bọ́ sínú ọ̀gbun. Mo rò pé mo ti ṣèèṣì tẹ nǹkan ni, àfìgbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta.

Ohun tó ń fà á ni pé nínú stick tó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ páàdì, nǹkan kékeré kan ló ń ha ara mọ́ ojú ibì kan kí páàdì lè mọ ibi tẹ́ ẹ tì í sí, bó bá ti ń ha á lójoojúmọ́ ló ń jẹ, tó bá jẹ tán á máa purọ́ fún géèmù pé ẹ ń tì í nígbà tẹ́ ò tì í. Àwọn páàdì kan ti wà báyìí tó jẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ṣe stick wọn, Hall effect ni wọ́n ń pè é, kò sí ohun tó ń ha ara wọn níbẹ̀, tówó yín bá ká a ẹ ra irú ẹ̀. Tówó ò bá ká a, ẹ wọ settings géèmù yẹn, ẹ wá dead zone. Ìyẹn ni ìwọ̀n ibi tí stick lè mì dé tí géèmù ò ní ka á sí. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí èèyàn yín á fi dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má fi kún un jù o, torí tó bá pọ̀ jù ọwọ́ yín á wúwo, ẹ máa tì í tì í kó tó gbọ́.

Ẹ dákun, lásìkò máńgòrò, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ máńgòrò tán kó fọwọ́. Mo ti di páàdì kan mú rí tí bọ́tìnnì X ẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kì í padà sókè, omi máńgòrò ló gbẹ sí i lára. Ọ̀gá oníṣọ́ọ̀bù fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó títí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń jẹ púfúpúfú lórí páàdì, Ọlọ́run ń wò yín.

Èyí tó kàn ni tẹlifíṣọ̀n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n òde òní ló máa ń kọ́kọ́ ṣe àwòrán lọ́ṣọ̀ọ́ kó tó gbé e jáde, ìgbà tó bá fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ tán ẹ̀ṣẹ́ ti bà yín. Ẹ lọ sínú settings tẹlifíṣọ̀n, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ game mode sí, ẹ tàn án, àwòrán lè má dùn ún wò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ yín àti ojú yín á jọ máa rìn. Tí géèmù bá sì fún yín láyè láti yan láàárín àwòrán tó dán àti èyí tó yára, èyí tó yára ni kẹ́ ẹ mú fún géèmù ìjà. Géèmù tó bá ń sáré ní 60 máa ń pààrọ̀ àwòrán nígbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti 30 ń ṣe ìdajì ìyẹn, ẹ̀yin náà ẹ rò ó, ta ló máa tètè rí ẹ̀ṣẹ́ tó ń bọ̀?

Báyìí ẹ jẹ́ ká wọnú ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì gan-an, ibi tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti máa ń jà.

God of War àkọ́kọ́, ti ọdún 2005 lórí PS2, Square, Square, Triangle lẹ máa ń tẹ̀, ọmọ tó bá mọ̀ yẹn lè jà dé ibi tó jìnnà. Square là ń pè ní box ní tiwa o. L1 ni bílọ́ọ̀kì, stick ọ̀tún lẹ sì fi ń yẹ̀. Kí ló dé tí stick ọ̀tún fi ráyè yẹ̀? Torí pé kámẹ́rà kì í ṣe iṣẹ́ yín nínú géèmù yẹn, àwọn tó ṣe é ló ti gbé kámẹ́rà síbi tí wọ́n fẹ́. Ìgbà tí ti ọdún 2018 jáde, kámẹ́rà ti wà lẹ́yìn Kratos gan-an, ẹ̀yin lẹ ń yí i, stick ọ̀tún ti di ti kámẹ́rà, ìjà wá kúrò lójú páàdì ó lọ sẹ́yìn, R1 fún èyí tó fúyẹ́, R2 fún èyí tó wúwo. Àwọn ọ̀rẹ́ mi bínú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní wọ́n ti ba géèmù jẹ́. Èmi náà kùn fún bí ọjọ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹ di páàdì mú kẹ́ ẹ wò ó: àtàǹpàkò ọ̀tún yín kan ṣoṣo ni. Tó bá wà lórí Square, kò lè sí lórí stick. Tí ìjà bá wà lẹ́yìn, ìka ìfábẹ̀lá á máa lu èèyàn, àtàǹpàkò á máa wo ẹ̀yìn yín. Ìdí kan náà ni Dark Souls, géèmù onídà ti ọdún 2011, fi gbé idà sórí R1 àti R2. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń ti géèmù àtijọ́ bọ̀ wá sí tuntun, ẹ fún ìka yín lọ́jọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sọ pé kò dáa.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ́ ọ rèé. Ẹ wá ọ̀tá kan tó kéré, ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ má lù ú. Ẹ kàn dúró níwájú ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ máa bílọ́ọ̀kì, ẹ máa yẹ̀. Á kọ́kọ́ sú yín. Ṣùgbọ́n ẹ máa rí i pé kó tó lù yín ó máa ń gbé èjìká, tàbí ó máa ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, tàbí ó máa ń ké. Èjìká yẹn lẹ máa dáhùn, ẹ má dúró de idà. Tẹ́ ẹ bá ti ń bílọ́ọ̀kì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láì kùnà, ẹ wá fi ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo kún un lẹ́yìn bílọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan. Kan ṣoṣo ni mo wí. Ọ̀kánjúwà ẹ̀ṣẹ́ kejì ló ń pa wá, torí ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ju idà kejì, ọ̀pọ̀ géèmù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ bílọ́ọ̀kì mọ́ títí idà yẹn á fi padà sílé. Ní Sekiro, géèmù onídà ti ọdún 2019, bí gbogbo ìjà ṣe rí nìyẹn, L1 lẹ máa tẹ̀ ní gẹ́ẹ́ tí idà fẹ́ kàn yín, bẹ́ ẹ bá ṣe ń ṣe é déédéé ni ọ̀tá ń rẹ̀. Mo fẹ́ràn géèmù yẹn dé góńgó, ṣùgbọ́n mi ò ní ní kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru fi bẹ̀rẹ̀.

Fún Tekken, ẹ ronú páàdì bí ara èèyàn, Square ọwọ́ òsì, Triangle ọwọ́ ọ̀tún, X ẹsẹ̀ òsì, O ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mi ò tíì rí ìlànà tó bá orí mu jù yẹn lọ, ọmọ tí ò mọ̀wé kà á mọ̀ ọ́n láàárín ìṣẹ́jú kan.

Resident Evil 4, géèmù ìbọn ti ọdún 2005, ńkọ́? Nínú ìyẹn, tẹ́ ẹ bá ti gbé ìbọn sókè ẹsẹ̀ yín á dúró, ẹ ò lè máa rìn kẹ́ ẹ máa yìnbọn. Ọ̀pọ̀ ló ní ó burú. Èmi ò gbà. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ò lè rìn, ẹ máa wá ògiri tẹ́ ẹ máa fi ẹ̀yìn tì kẹ́ ẹ tó gbé ìbọn, ẹ̀rù á máa bà yín bó ṣe yẹ. Wọ́n tún un ṣe ní 2023, èèyàn ti lè rìn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ó dùn, ó rọrùn, àmọ́ àyà mi ò já tó ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó ń dùn mí ní ìka ní tòótọ́ ni GTA San Andreas, kẹ́ ẹ máa tẹ X, tẹ X, tẹ X kí CJ, ẹni tẹ́ ẹ̀ ń darí níbẹ̀, lè sáré, àtàǹpàkò mi wú lọ́jọ́ kan tí mo sá fún ọlọ́pàá. Ẹ jí mọ́tò lọ jàre.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ta á, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ jù, PPSSPP, áàpù tó ń jẹ́ kí géèmù PSP ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ló wà lórí fóònù gbogbo wa. Ẹ rántí pé PSP, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí wọ́n ń gbé dání, ò ní stick méjì, kò sì ní L2 àti R2, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nínú God of War ibẹ̀, L àti R lẹ máa tẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó ti stick kó lè yẹ̀. Lórí gíláàsì fóònù, ìyà gidi nìyẹn. Ẹ wọ settings, ẹ lọ síbi controls, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún bọ́tìnnì tò, ẹ gbé L àti R sún mọ́ra kí ìka kan lè tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Èmi gbé wọn sí òkè ọ̀tún, ìka ìfábẹ̀lá mi ló ń tẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ bọ́tìnnì ìjà di ńlá, kẹ́ ẹ sọ Start àti Select di kékeré, kẹ́ ẹ tì wọ́n sí kọ̀rọ̀, torí kò sóhun tó burú tó kẹ́ ẹ máa jà kí géèmù dédé dúró. Tọ́wọ́ bá ń làágùn, ẹ nu ún, ẹ fi pọ́dà díẹ̀ sí ìka. Call of Duty Mobile náà, àtàǹpàkò méjì ò tó mọ́, ẹ gbé ìbọn lọ sókè òsì kí ìka ìfábẹ̀lá máa yìn ín, ọ̀sẹ̀ kan ni ọwọ́ á fi máa ro yín, lẹ́yìn náà ó tán.

Ohun kékeré kan tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: tẹ́ ẹ bá ra géèmù PS àtijọ́ tó wá láti Japan, O ni wọ́n fi ń gbà, X ni wọ́n fi ń kọ̀, òdìkejì tiwa. Géèmù yẹn ò bàjẹ́. PS5 ní 2020 ló wá sọ ọ́ di X fún gbogbo ayé.

Mo padà sí Under G lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo bá ọmọ yẹn lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo gbé páàdì sílẹ̀ ná, mo wò ó bóyá á dá rìn, kò rìn, mo fi ìka sí R2, a bẹ̀rẹ̀. Ó ṣì nà mí o, mẹ́ta sí méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tá a ṣe tán ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ìka mi lẹ́yìn páàdì, ó ní, “Bọ̀dá, ta ló kọ́ yín ní bílọ́ọ̀kì?”