Páàdì oṣù mẹ́rin: bí mo ṣe pààrọ̀ dísìkì àti páàdì bíréèkì ẹ̀yìn fúnra mi

Oṣù mẹ́rin péré ni páàdì bíréèkì ẹ̀yìn (èyí tó máa ń fún dísìkì, irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, kí mọ́tò lè dúró) tí mo fowó mi rà fi ṣiṣẹ́ kó tó tán. Oṣù mẹ́rin! Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́yìn lápá òsì, irin ń ha irin, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti tẹ bíréèkì ló ń ké. Mo gbé mọ́tò padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó pààrọ̀ páàdì náà. Kò tiẹ̀ tú táyà. Ó tẹ̀ba, ó yọjú wo inú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Ọ̀gá, páàdì ti tán, ó sì ti jẹ dísìkì. Ẹ jẹ́ ká ra gbogbo ẹ̀, ká pààrọ̀ ẹ̀." Mo bi í pé kí ló jẹ páàdì tuntun tán láàárín oṣù mẹ́rin. Ó ní bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì ni.

Bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì! Ọ̀tún ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ mìíràn ni mo fi ń tẹ ti ọ̀tún ni? Ọ̀tún kò ké, òsì nìkan ló ń ké. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, ju owó lọ. Ó fẹ́ gba owó lẹ́ẹ̀kejì lórí ohun tí kò mọ ìdí tó fi bàjẹ́. Mo rọra wa mọ́tò náà délé, mo sì pinnu pé kò ní kúrò níbẹ̀ títí màá fi fi ojú ara mi rí ohun tó ń jẹ páàdì.

Mo ra dísìkì méjì àti páàdì mẹ́rin, tọ̀tún tòsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti ṣe ẹ̀gbẹ́ kan dá èkejì sí, torí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá mú ju èkejì lọ, mọ́tò lè máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Bí a ṣe ń lo jáàkì àti bí a ṣe ń tú táyà, mi ò ní fìyẹn gba àkókò yín. Kí ẹ ṣáà ti di táyà iwájú pa, kí ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé irin ìdúró wà lábẹ́ mọ́tò. Ẹ má ki orí bọ abẹ́ ohun tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró.

Nígbà tí mo yọ kálípà (ohun tó ń fún páàdì méjèèjì mọ́ dísìkì), tí mo so ó rọ̀ mọ́ sípíríìnì kí họ́ọ̀sì epo bíréèkì má baà gbé ìwúwo rẹ̀, mo mú páàdì méjèèjì ti apá òsì lọ́wọ́, mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti òde ṣì nípọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i. Ti inú ti tán pátápátá, irin ẹ̀yìn rẹ̀ ló kù, ó ń dán, ó sì ti gbẹ́ poro yíká dísìkì. Mo wọn dísìkì náà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju 7.5 mílímítà lọ. Ibi tó jìn jù jẹ́ 6.9.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi. Irú kálípà yìí, písítìn (irin tí epo bíréèkì ń tì jáde) kan ṣoṣo ló ní, ẹ̀gbẹ́ inú ló sì wà. Tí písítìn bá ti páàdì inú mọ́ dísìkì, kálípà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ sún lórí píìnì méjì, ọ̀pá irin kéékèèké, kó lè fa páàdì òde mọ́ra. Tí píìnì bá há, kálípà ò ní sún, páàdì inú nìkan ni yóò máa ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, kò sì ní rọ́nà kúrò lára dísìkì dáadáa bí a bá gbé ẹsẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan píìnì òkè, ó ń wọlé ó ń jáde. Mo kan ti ìsàlẹ̀. Kò mì.

Píìnì yẹn ló gba ọjọ́ mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Mo kọ́kọ́ fi píláyà fà á, rọ́bà tó bo ẹnu rẹ̀ ya. Mo fún epo tí ń wọnú ìdógùn-ún sí i, mo fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ìyàtọ̀. Mo fi òòlù lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, pàbó ló já sí. Mo bínú, mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, mo lọ ṣe apá ọ̀tún, ó sì parí láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Ìyẹn tún wá mú kí ti òsì máa dùn mí sí i.

Lọ́jọ́ kejì mo tú bóòtì méjì tó di bírákẹ́ẹ̀tì mú (irin tó gbé kálípà dúró, tí píìnì wọ inú rẹ̀), mo yọ ọ́ kúrò lára mọ́tò, mo há a mọ́ fáìsì orí tábìlì, irinṣẹ́ tó ń di nǹkan mú ṣinṣin. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lára mọ́tò, kò sí àyè, ọwọ́ kò sì lè lágbára níbi tí èèyàn bá ti dùbúlẹ̀. Lórí fáìsì, mo fi iná gbá bírákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn (rọ́bà ibẹ̀ ti bàjẹ́ ná, kò sí ohun tí mo ń dá sí mọ́), mo fún epo sí i nígbà tó rọlẹ̀ díẹ̀, mo wá fi sípánà yí orí píìnì síwá, sẹ́yìn. Mi ò fà á rárá. Yíyí ni. Ní ìgbà bíi ogún, ó yí díẹ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ojú ò rí i. Mo ń bá a lọ. Ó yí díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó já jáde, mo sì pariwo tó fi jẹ́ pé wọ́n sáré jáde láti inú ilé wá wò mí.

Ẹ wo ohun tí mo rí. Ṣóńṣó píìnì ìsàlẹ̀ yẹn ní rọ́bà kékeré kan tó yí i ká. Rọ́bà náà ti wú, ó rọ̀ bí ẹran tó ti jẹrà, ó sì kún ihò náà dé ẹnu. Gíríìsì dúdú tí a ń fi sínú béárìn ni wọ́n kùn sí i. Irú gíríìsì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe, máa ń mú rọ́bà bíréèkì wú. Gíríìsì sílíkónì tàbí èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún bíréèkì ló yẹ ibẹ̀. Ẹni tó kùn ún ni ẹni tó ní bí mo ṣe ń tẹ bíréèkì ni. Iṣẹ́ tó ṣe fún mi ló jẹ páàdì tó tà fún mi.

Mo tún ní láti dúró ọjọ́ méjì kí píìnì tuntun àti rọ́bà rẹ̀ tó dé. Tí mo bá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà tí mo ń ra páàdì ni ǹ bá ti rà á. Ẹ rà á mọ́ ọn. Kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísìkì.

Àwọn tó kù kò le. Dísìkì àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ họ́ọ̀bù (irin tí dísìkì àti táyà jókòó lé), ṣùgbọ́n ó ní ihò méjì tó gba bóòtì. Mo ki bóòtì bọ̀ wọ́n, mo ń fún wọn ní dọ́gbadọ́gba, ó sì ta kúrò. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ojú họ́ọ̀bù títí ó fi ń dán, torí ìdógùn-ún kékeré tó bá kù lẹ́yìn dísìkì lè mú kó máa fì, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo fi omi ìfọbíréèkì nu epo tó wà lára dísìkì tuntun.

Nípa písítìn, ẹ gbọ́ mi dáadáa: tí bíréèkì ọwọ́ bá wà nínú kálípà ẹ̀yìn bíi tèmi, ẹ má fi kíláǹpù (irinṣẹ́ tó ń fún nǹkan pọ̀) tì í wọlé. Yíyí ni a ń yí i wọlé, bí a ṣe ń tì í. Irinṣẹ́ rẹ̀ wà. Tèmi yí sápá ọ̀tún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn mọ́tò kan wà tí ẹ̀gbẹ́ kan ń yí sódì, nítorí náà ẹ wo ìwé mọ́tò yín. Tó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì ni ẹ fi ń fa bíréèkì ọwọ́, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fa ẹ̀rọ iná kékeré inú kálípà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi agbára tì í lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ sì máa wo agolo epo bíréèkì bí písítìn ṣe ń wọlé, kó má baà kún dànù sórí ọ̀dà.

Kí mo tó sún mọ́tò rárá, mo tẹ bíréèkì léraléra títí ó fi le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, ó lọ sílẹ̀ pátá. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, tó kàn wa mọ́tò jáde, kò ní bíréèkì nígbà tó bá kọ́kọ́ wá a. Lẹ́yìn náà mo wá ojú ọ̀nà tó ṣófo, mo ń ti 50 kìlómítà ní wákàtí bọ̀ sí bíi 10, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, láìdúró pátápátá, kí páàdì àti dísìkì mọ ara wọn. Kò ké. Kò fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì mo tún tú táyà òsì kúrò. Mo wọn páàdì inú, mo wọn ti òde: dọ́gbadọ́gba ni wọ́n jẹ. Mo fi ìka ti kálípà, ó sún lórí píìnì méjèèjì, kò ké kín-ín.