Bí mo ṣe wo rédíò tó ń já lórí VLC sàn
Ní Ṣómólú níbí, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Atọ́kùn ètò á ní “Ẹ kú ìrọ̀…”, ó di ìgbà díẹ̀ kí “lẹ́” tó dé! Ohun tó tán an rèé: nínú VLC, áàpù orí kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbọ́ rédíò orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo wọ Tools, Preferences, mo yan All nísàlẹ̀, mo tẹ Input / Codecs, mo wá sọ Network caching (ìwọ̀n ohùn tó ń kó pamọ́, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kà á) di 10000 dípò 1000 tó bá a wá. VLC á ti kó ohùn ìṣẹ́jú àáyá 10 pamọ́ kó tó fọhùn. Mo tẹ Save, mo tún rédíò tàn. Kò já mọ́. Ìròyìn á pẹ́ díẹ̀ kó tó dé o, ṣùgbọ́n ta ló ń lé wa? Bí tiyín bá ṣì ń já, ẹ wá ìkànnì 64 kbps (kílóbíìtì 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Bíi 29 MB dátà ló ń jẹ ní wákàtí kan, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 128 ń jẹ.