Bí mo ṣe yanjú àwòrán tó ń pòórá ní kíláàsì wa

Ẹ̀yin tíṣà ẹgbẹ́ mi, mo ti rí ojútùú sí wàhálà character creator o, ìyẹn sáìtì téèyàn ti ń to àwòrán èèyàn pọ̀, tí àwòrán àwọn ọmọ máa ń pòórá níbẹ̀. Òun ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ júwe èèyàn, ọmọ kan á yan irun, ojú, aṣọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnìkejì ẹ̀ á ka ohun tó kọ, á wá tún ẹni yẹn ṣe láì rí àwòrán àkọ́kọ́, ìgbà tí wọ́n bá gbé méjèèjì síra ni wọ́n ń rí i pé "ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì" ò tó, ṣé pupa ni àbí ọlọ́wọ́ gígùn? Ibẹ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi gan-an.

Àmọ́ tí ẹlòmíì bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, àwòrán ti lọ nìyẹn. Inú bráwúsà ni sáìtì ọ̀hún ń tọ́jú ẹ̀ sí torí a ò ṣí àkáǹtì (mi ò fẹ́ kí ọmọdé máa fi orúkọ àti ímeèlì sílẹ̀ káàkiri). Tó bá wá jẹ́ private window, ìyẹn ojú bráwúsà tí kì í tọ́jú nǹkan pamọ́, tẹ́ ẹ bá ti pa á báyìí, ó tán.

Ní báyìí, wọ́n gbọ́dọ̀ dáńlóòdù àwòrán wọn (fáìlì PNG) kí wọ́n tó dìde, nọ́ńbà ìjókòó wọn ni orúkọ fáìlì. Gbogbo nǹkan tí wọ́n yàn tún wà nínú ìwé wọn, tí fáìlì bá sọnù, kíá ni wọ́n á tún un ṣe.